Ta Ni Yóò Sanwó Àga Òfìfo? Ohun Tó Wà Nídìí Bí Àwọn Ilé-iṣẹ́ Bàálù Ṣe Ń Du Iṣẹ́ Háyà

Bí òjò bá ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀ ní Èkó, àwọn ejẹ́ńtì ìrìnàjò ní Allen, Ọ̀pẹ́bí àti Victoria Island á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán etíkun sórí WhatsApp: Zanzibar ọjọ́ márùn-ún, Dubai ọjọ́ mẹ́fà, Kérésì ní Jàmáíkà. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ àwòrán náà. Tíkẹ́ẹ̀tì, òtẹ́ẹ̀lì, físà àti ọkọ̀ tí yóò wá pàdé ẹni ní pápákọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iye yẹn. Èyí tí ojú oníbàárà kì í tó ni ìdúnàádúrà tó ti wáyé lábẹ́lẹ̀ láàárín ejẹ́ńtì àti ilé-iṣẹ́ bàálù, níbi tí kálukú ti ń sá fún ohun kan náà: àga tí kò ní rí ẹni jókòó lé e.

Orí àga òfìfo yìí ni gbogbo ìjà náà dá lé. Ẹni tó bá lóye rẹ̀ á mọ ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù fi ń jìjàdù iṣẹ́ háyà kan tí wọ́n sì ń sá fún òmíràn, á sì mọ ìdí tí kò fi sí bàálù ìgbafẹ́ tó ń gbéra ní Ìkẹjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí a ṣe ń rí i ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Mánṣẹ́sítà.

Ọ̀nà méjì ni ejẹ́ńtì lè gbà rí àga fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ó lè lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ti ń ná ọ̀nà kan déédéé, bí Emirates ṣe ń ná Èkó sí Dubai, kó ra ogún tàbí ọgbọ̀n àga pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá rí èèyàn tó pọ̀ tó, ó lè dá díẹ̀ padà kí gbèdéke tí wọ́n fún un tó pé, wàhálà àga tó kù sì di ti ilé-iṣẹ́ bàálù. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì Èkó ń tọ̀, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ọ̀nà kejì ni kó háyà odindi bàálù. Ẹni tó bá ti háyà bọ́ọ̀sì rí láti kó ẹbí láti Múṣin lọ sí òwàńbẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ bó ṣe ń lọ. Ọlọ́kọ̀ kò ní bi yín bóyá èèyàn mẹ́jọ ló wọlé tàbí méjìdínlógún. Iye tí ẹ jọ dá ni ẹ máa san. Yóò tún bi yín bóyá kó dúró dè yín tàbí kó padà sí Èkó kó tún wá kó yín lálẹ́, nítorí epo tó bá fi lọ tó fi bọ̀ lófìfo, ọrùn yín ló wà.

Wákàtí ni wọ́n fi ń díye lé bàálù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìgbà tó bá ti kúrò níbi tí wọ́n gúnlẹ̀ rẹ̀ sí, kì í ṣe ìgbà tó bá gbéra sójú sánmà, títí di ìgbà tó bá tún dúró pátápátá níbi tó ń lọ. Owó bàálù fúnra rẹ̀, owó àwọn awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, owó àtúnṣe àti owó adójútòfò máa ń wà nínú iye wákàtí yẹn. Epo, owó ìbalẹ̀ ní pápákọ̀ àti owó tí orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá gba òfurufú rẹ̀ kọjá ń gbà lè wà níta. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́ sílẹ̀, nítorí iye tí epo ń lọ nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé lè má jẹ́ iye tó máa lọ lọ́jọ́ tí bàálù máa gbéra. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Nàìjíríà halẹ̀ pé àwọn máa dá iṣẹ́ dúró nítorí pé epo bàálù ti gun orí ₦700 lítà kan. Ejẹ́ńtì tó bá ti ta gbogbo àyè ìrìnàjò rẹ̀ tán ní iye tó dá ṣáájú ìgbà yẹn, tí kò sì sí ohunkóhun nínú ìwé àdéhùn nípa epo, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti yọ èyí tó lé.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àlọ bàálù kan láti Èkó dé erékùṣù kan jẹ́ $40,000, tí àbọ̀ rẹ̀ náà sì jẹ́ iye kan náà. Ejẹ́ńtì kan kó èèyàn 150 lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bàálù kò lè jókòó tẹtẹrẹ fún ọjọ́ méje, nítorí náà yóò padà wálé lófìfo, yóò sì tún lọ lófìfo láti lọ kó wọn bọ̀. Ìrìn mẹ́rin nìyẹn, $160,000. Bí a bá pín in, ó lé ní $1,060 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kò sì tíì mẹ́nu ba òtẹ́ẹ̀lì. Ká wá ní ejẹ́ńtì yìí ní ọ̀wọ́ mẹ́wàá, èèyàn 150 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Bàálù tó bá kó ọ̀wọ́ kejì lọ ni yóò kó ọ̀wọ́ kìíní bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí. Àbọ̀ àkọ́kọ́ àti àlọ ìkẹyìn nìkan ló máa lọ lófìfo. Ìrìn 22 ni gbogbo rẹ̀, $880,000, lórí èèyàn 1,500. Kò tó $590 lórí ẹnì kan. Bàálù kan náà, erékùṣù kan náà, owó sì já bọ́ sí ohun tó fi díẹ̀ lé ní ìdajì.

Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń bá ara wọn du. Wọ́n á já owó wákàtí wálẹ̀ fún un, wọ́n á fún un ní àkókò tó rọrùn láti gbéra, wọ́n tiẹ̀ lè gbà kó san owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá yóò san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, tàbí kó gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀ka kejì yìí ló sì pọ̀ ní Èkó.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò jẹ́ nǹkan kan. Ìgbà ooru wọn gùn, iléewé ti, gbogbo ayé sì ń wá oòrùn lọ sí Sípéènì, Gíríìsì àti Tọ́kì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1950, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vladimir Raitz, tó dá Horizon Holidays sílẹ̀, háyà bàálù DC-3 láti kó àwọn èèyàn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Calvi ní erékùṣù Kọ́síkà. Ìjọba kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà fún un, nítorí wọn kò fẹ́ kó já oníbàárà gbà lọ́wọ́ BEA tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ bàálù ìjọba. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ní kó kó. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ síbẹ̀. Ó gbilẹ̀ débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹlòmíràn má bàa rí oníbàárà gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974, nígbà tí ọjà ṣì gbóná, Court Line tó ní bàálù tó sì tún ní ilé-iṣẹ́ ìgbafẹ́ wó lulẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì há sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ọgbọ́n tí àwọn tó kù dá ni pé kí oníṣòwò ìgbafẹ́ ní bàálù tirẹ̀. TUI ti ilẹ̀ Jámánì ń ṣe é títí di òní. Thomas Cook, tó ti wà láti ọdún 1841, ṣe é títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 tó kógbá sílé, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní láti háyà bàálù kiri ayé láti kó èèyàn bí 150,000 padà wálé. Níní bàálù kò pa àga òfìfo rẹ́. Àpò òsì ló ti bọ́ sí àpò ọ̀tún. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn bíi Ryanair àti easyJet ti ń ta àga kọ̀ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni lọ sí etíkun kan náà, láìsí ejẹ́ńtì láàárín. Lónìí, easyJet àti Jet2 fúnra wọn ti di oníṣòwò ìgbafẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ibi tí ìdíje háyà bàálù ti gbóná jù ní Nàìjíríà han òun, etíkun kọ́ ni mo máa tọ́ka sí. Mẹ́kà ni.

Àjọ NAHCON tó ń bójú tó ètò Hájì ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 2006 dá sílẹ̀, ló ń yan ilé-iṣẹ́ tí yóò kó àwọn alálàájì lọ́dọọdún. Fún Hájì ọdún 2025, mẹ́rin ni wọ́n yàn: Air Peace, Max Air, UMZA àti Flynas ti ilẹ̀ Sàúdí. Àjọ tó ń rí sí ìrìnàjò mímọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dà bí ejẹ́ńtì nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló ń gba owó, òun ló ń to orúkọ, òun ló ń kó èrò jọ. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ bàálù. Àyè 95,000 ni Sàúdí fún Nàìjíríà ní ọdún 2023. Ilé-iṣẹ́ bàálù kò ní polówó, kò ní wá oníbàárà kan ṣoṣo kiri, èrò ti sanwó kó tó dé Ìkẹjà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ bàálù ti ń gba náírà lọ́wọ́ èrò Àbújá, tó sì ń fi dọ́là tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ta ni kò ní du irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Sàúdí náà sì ń fẹ́ kí bàálù tirẹ̀ rí nínú èrò yìí kó, nítorí náà ìpín tó kù fún àwọn tiwa ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Síbẹ̀, òfìfo tún wà níbẹ̀. Gbogbo èrò ló ń lọ ní ìgbà kan, gbogbo wọn ló sì ń bọ̀ ní ìgbà kan. Bàálù tó bá já wọn sílẹ̀ ní Jẹ́dà tàbí Mẹ̀dínà yóò padà láìsí ẹnì kankan, nígbà tí Hájì bá sì parí, láìsí ẹnì kankan náà ni yóò fi lọ. Ẹni tó ń ráhùn pé owó bàálù Hájì ju ti Úmúrà lọ, ara ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Iye tí wọ́n dá kì í sì í dúró. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sùdáánì ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, òfurufú ibẹ̀ di títì, bàálù ní láti gba ọ̀nà tó jìn, àwọn ilé-iṣẹ́ sì padà wá pé iye tí àwọn tọwọ́ bọ̀ kò tó mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí náírà ṣe já lulẹ̀, NAHCON ní kí àwọn tó ti sanwó Hájì tán tún mú ohun tó lé ní ₦1.9 mílíọ̀nù wá. Àwọn ìyá oníṣòwò tó ti ń dá èésú fún ìrìnàjò yẹn láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n tún ní kó lọ wá owó. Nínú ìjà láàárín ilé-iṣẹ́ bàálù àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, ẹni tí kò jókòó sídìí tábìlì ló sábà máa ń san èyí tó lé.

Ohun kan tún wà tí mo rò pé a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa ra bàálù ńlá nítorí iṣẹ́ oṣù díẹ̀ lọ́dún. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ Hájì lè lọ háyà bàálù lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní òkèèrè, pẹ̀lú awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó wá fi ṣiṣẹ́ náà. Háyà lórí háyà nìyẹn. Kò sí àléébù nínú rẹ̀ bí kálukú bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé ló sì ń ṣe é. Àmọ́ ìtàn wa níbẹ̀ kò dára. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1973, bàálù Boeing 707 ti ilẹ̀ Jọ́dánì, tí Nigeria Airways háyà láti kó àwọn alálàájì bọ̀ sí Èkó, yà lọ sí Kánò nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára ní Èkó. Ó jóná níbi tó ti fẹ́ balẹ̀. Èèyàn 176 ló kú.

Ti ọdún 1991 burú ju ìyẹn lọ, òun ló sì kan ọ̀rọ̀ wa jù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún náà, bàálù DC-8 ti Nationair, ilé-iṣẹ́ Kánádà kan, fẹ́ kó àwọn alálàájì láti Jẹ́dà padà sí Sókótó lórúkọ Nigeria Airways. Kó tó gbéra, ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì ti rí i pé afẹ́fẹ́ táyà méjì kò tó. Ó fẹ́ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sí afẹ́fẹ́ náítírójìn nítòsí, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ háyà náà kò sì fẹ́ kí bàálù pẹ́ ju àkókò lọ. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Táyà náà bẹ́ bó ṣe ń sáré láti gbéra, iná ràn mọ́ ọn, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ bàálù wọnú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú iná náà. Gbogbo èèyàn 261 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Nationair ti kógbá sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápákọ̀ yẹn ṣeé lóye dáadáa: nínú iṣẹ́ háyà, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí bàálù bá fi dúró ń jẹ èrè tí wọ́n ti fi ìdíje gé kúrú tẹ́lẹ̀.

Ní ti ìgbafẹ́, ohun tó dí i lọ́wọ́ ní Èkó kì í ṣe àìsí bàálù. Air Peace fò láti Èkó lọ sí Montego Bay ní Jàmáíkà tààrà ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Inú gbogbo wa dùn nígbà náà, àwọn Jàmáíkà náà fi ayẹyẹ gbà wọ́n. Ó di iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bí? Kò dà bẹ́ẹ̀. Èrò tó ń lọ ló wà, a kò rí èrò tó ń bọ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀nà tó ní èrò lọ́tùn-ún lósì àti èyí tó jẹ́ pé Èkó nìkan ló ń rán èèyàn lọ.

Físà tún nìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ilẹ̀ UAE dá físà fún ọmọ Nàìjíríà dúró, Emirates náà sì dáwọ́ dúró ní ìparí oṣù yẹn nítorí owó rẹ̀ tó há sí Nàìjíríà. Físà kò padà títí di oṣù Keje ọdún 2024, bàálù wọn náà padà dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ẹni tó bá ra àga ogún kan lásán fún Kérésì ọdún 2022 lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó bá háyà odindi bàálù ti jẹ gbèsè odindi bàálù. Ìwé àṣẹ ìbalẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí bàálù ValueJet tí wọ́n háyà fún Super Eagles ń lọ sí Benghazi, tí àwọn aláṣẹ Líbíà sì darí rẹ̀ lọ sí Al Abraq. Àwọn ọmọ wa sùn sórí àga ní pápákọ̀, wọ́n sì padà wálé láìgbá bọ́ọ̀lù. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, kí ni ejẹ́ńtì ojúlé kan ní Ọ̀pẹ́bí máa sọ?

Bí oṣù Kejìlá ṣe rí l'Ékòó tún ń da ìṣirò náà rú. Láàárín oṣù náà, àwọn ará ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Atlanta ló ń rọ́ wọlé wá jayé. Ní oṣù Kìíní, wọ́n á máa padà. Bàálù tó kún wọlé sábà máa ń ní àyè nígbà tó bá ń padà jáde ní oṣù Kejìlá yẹn. Ejẹ́ńtì tó gbọ́n máa ń lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń wá ẹni tí yóò fi dí àyè yẹn, yóò sì rí àga gbà lówó pọ́ọ́kú. Èyí ló tún mú kí háyà má wulẹ̀ pọn dandan.

Nígbà náà, ta ló ń háyà? Àwọn olówó ni, bàálù kékeré ni wọ́n sì ń háyà. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ti ń pariwo pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi bàálù kó èèyàn gbowó gbọ́dọ̀ gba ìwé AOC lọ́dọ̀ àjọ NCAA tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú, èyí tó ń gba àkókò àti owó ńlá. Òfin ọdún 2022 sì ní kó san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó háyà. Ẹni tó ní bàálù ara rẹ̀ ń lo ìwé àṣẹ mìíràn, PNCF, tó gbà á láyè láti gbé ara rẹ̀, ẹbí àti àlejò rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan ń fi èyí ṣiṣẹ́ háyà lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ta á ní iye tí ẹni tó ń san gbogbo owó yẹn kò lè ta á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NCAA gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ mẹ́ta lára wọn. Ní oṣù Kẹfà, mínísítà ọkọ̀ òfurufú, Festus Keyamo, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Kápítéènì Ado Sanusi láti wá ojútùú sí i. Lórí èyí, ẹ̀yìn àwọn tó ń pariwo ni mo wà. Bàálù tí wọ́n ra adójútòfò rẹ̀ fún lílò ara ẹni, bí ó bá já pẹ̀lú èrò tó sanwó nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti rí àwáwí tí kò fi ní san nǹkan kan fún ẹbí.

Ohun kan wà tó lè mú kí iye háyà wálẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ń yá ayé ní bàálù kì í fẹ́ yá Nàìjíríà láìfi awakọ̀ tiwọn sí i, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wàhálà bá dé, kóòtù ò ní jẹ́ kí wọ́n gba bàálù wọn padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde tó fẹsẹ̀ àdéhùn àgbáyé Cape Town lórí bàálù yíyá múlẹ̀, kí ẹni tó yáni ní bàálù lè tètè rí i gbà. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ wa bá rí bàálù yá láìsí awakọ̀ òkèèrè nínú rẹ̀, owó wákàtí yóò dín kù. Ti náírà àti ti físà ṣì wà níbẹ̀ o.

Fún ẹgbẹ́ tàbí alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ dáwó jọ fún irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ní ọdún yìí, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ejẹ́ńtì kò pọ̀. Ṣé àga inú bàálù tó ń lọ déédéé ni, àbí odindi bàálù ló háyà? Bí ó bá jẹ́ háyà, orúkọ ilé-iṣẹ́ wo ló wà nínú ìwé AOC bàálù náà gan-an, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ìpolówó? Bí epo tàbí dọ́là bá gbówó lórí, ta ló máa gbé e? Bí ó bá sì ní bàálù kò ní gbéra àfi bí èèyàn 120 bá pé, kó kọ ọjọ́ tí yóò dá owó padà sínú ìwé, kó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.